Ẹ Dá Kareemat Padà Sídìí Agbọ̀n Obì

Ojúlé Kejìlá,
Àdúgbò Ìjókù,
Ṣàgámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Gbọ̀ngàn Eré Àjọgbádùn,
Òfin,
Ṣàgámù.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFISÙN LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀YÌN ERÉ TÍ A GBÀ LỌ́WỌ́ MI, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ KÍ A DÁ KAREEMAT PADÀ SÍ IPA RẸ̀ KÍ ERÉ TÓ LỌ SÍ ÌKẸ́NNẸ́

1. Orúkọ mi ni Wúlẹ̀mọ̀tù Ṣóbọ̀wálé. Oníṣòwò obì ni mí, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ìgbìmọ̀ mọ̀ mí. Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni mo ṣe ń ṣàlàyé. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 tí ẹ ti ṣí gbọ̀ngàn yín títí di ìparí ọdún 2024, eré 49 ni ẹ ṣe níbẹ̀. Mo wo 47. Ọ̀kan nínú méjì tí n kò wò bọ́ sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú ọkọ mi. Ibà ló dá mi dúró sílé ní ọjọ́ èkejì, èyí sì ń dùn mí títí di òní.

2. Ẹ mọ àṣà gbọ̀ngàn yín, èyí tí n kò tíì gbọ́ pé ó wà níbòmíràn. Bí eré bá parí, àwọn òṣèré kì í wọlé lọ. Wọn yóò tò sórí ìtàgé, olùwòran kan yóò sì dìde lórí àga kẹta ní ìlà iwájú, yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ohun tó rí. Òṣèré kankan kò gbọdọ̀ fèsì. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Eré ni a ń pè é. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ eré àkọ́kọ́, Alága ìgbà náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo dìde, mo ní ọlọ́pàá inú eré wọ bàtà dúdú wọ yàrá, sálúbàtà ló wọ̀ jáde, kò sì sí ẹni tó jí bàtà nínú ìtàn náà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága ní kí n máa jókòó síwájú láti ọjọ́ náà lọ. Wọn kò san kọ́bọ̀ fún mi rí. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ni mo ń rà bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rà á.

3. Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, olùdarí eré yín, wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ ti ṣe é tó. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà gbìyànjú.” Ẹlòmíràn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Olúdọ̀tun Afọláyan, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó tó sì padà wálé. Àlàyé tí mo gbà ni pé ó ti wo eré ní Èkó, ní Àbújá àti ní Lọ́ńdọ̀nù, àti pé ó ń kọ èrò rẹ̀ sórí ayélujára. Wọ́n gbé àga kẹta fún un. Wọ́n fi mí sí àga kẹrin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo gbà pé wọ́n rò pé wọ́n fi ìyẹn tù mí nínú ni.

4. Mo ń jowú Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan. Mo kọ ọ́ síbí fúnra mi kí ẹnikẹ́ni má baà wá tú u fó níwájú yín. Mo ń jowú ohùn rẹ̀ tí kì í wá máíkì. Mo ń jowú bí ó ṣe máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, tí gbogbo gbọ̀ngàn á sì pa lọ́lọ́. Èmi máa ń ní láti húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dákẹ́ fún mi. Àwọn obìnrin ìlà ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè mí ní Ìyá Olójú, òun ni wọ́n ń sáré lọ kí báyìí. Ní ìgbà tèmi, ènìyàn 84 ló máa ń wá, bí a bá dá a sí ọgbọọgba. Nígbà tí a ṣe eré oṣù Kẹjọ, ènìyàn 131 ló wá. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo rò pé mo ṣì wọ́n kà.

5. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mi kì í ṣe ti owú nìkan. Ní oṣù Kẹrin, ẹ ṣe Ilé Aláìlórùlé. Eré tó dára ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè yọ ogún ìṣẹ́jú kúrò nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ọdún mẹ́tàlá kọjá láàárín apá kìíní àti apá kejì; ọmọ ilé náà dàgbà, ó hu irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n igi ìbẹ́pẹ ẹnu ọ̀nà kò ga ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní apá kẹta, bàbá náà kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà níbi tó jẹ́ pé aṣọ ìkélé lásán ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Èmi a máa sọ irú nǹkan báyìí lábẹ́ ẹnu bí eré bá ti ń lọ lọ́wọ́. Àwa tí a ń ṣa obì, ọwọ́ wa àti ẹnu wa jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Mo rò pé ohun tí òun náà rí ló ń kọ. Nígbà tí ó dìde, ìbẹ́pẹ mi ló kọ́kọ́ mú jáde, ó sì fi ilẹ̀kùn mi tẹ̀ lé e. Ó sọ wọ́n dáadáa ju bí èmi ì bá ti sọ wọ́n lọ. Ìyẹn ni n kò lè gbé mì.

6. Ní oṣù Kẹfà, Àlejò Ọjọ́ Ọjà ni ẹ ṣe. A rẹ́rìn-ín, ẹni tó ṣe alápatà sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, àyàfi pé ó ta ẹran fún ènìyàn mẹ́sàn-án, ẹran orí tábìlì rẹ̀ kò sì dín. Ohun mẹ́ta ni mo sọ lábẹ́ ẹnu ní ọjọ́ náà. Ohun mẹ́rin ni Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan sọ nígbà tó dìde. Mẹ́ta jẹ́ tèmi. Ìkẹrin tó jẹ́ tirẹ̀ ni pé iná orí ìtàgé ì bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ọ̀sán gangan ni ọjà inú eré náà. Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ mi ni ọkùnrin yìí ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ lójú ní Ṣàgámù ni?”

7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí náà. Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan ti dá a lábàá pé kí ẹ sún eré láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ alẹ́, kí àwọn tó ń lọ gbọ́ orin ní òtẹ́ẹ̀lì lè yà síbẹ̀ kí wọ́n tó kọjá lọ. N kò fẹ́ sọ ohun tí n kò mọ̀, nítorí náà mo lọ sí ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà ní alẹ́ Sátidé kan. Ìgò omi kan tó jẹ́ ₦200 ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi jẹ́ ₦1,000 níbẹ̀. Mo ra ọ̀kan, mo sì mu ún tán. Inú ẹ̀rọ ni ohùn olórin náà ti ń jáde: ìgbà mẹ́ta ni ẹnu rẹ̀ pa dé tí orin ṣì ń lọ. Kò sí ẹni tó bínú, nítorí kò sí ẹni tó ń wò ó. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó ti eré wákàtí méjì. Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan wà níbẹ̀, òun àti mẹ́rin nínú àwọn òṣèré yín, wọ́n yí tábìlì kan ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́wàá, òṣèré yín kan ṣoṣo ló jókòó tì mí rí. Kareemat ni.

8. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Kareemat, aránṣọ ni ní àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n fún un ní ipa ìyàwó nínú Ìyàwó Afọ́kùúta, ó wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣa obì. Nínú eré náà, òkúta ya lulẹ̀ níbi tí ọkọ obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà jókòó sídìí agbọ̀n obì, ó ń ṣà á lọ títí tí wọn yóò fi mú ìròyìn wá. Òwúrọ̀ mọ́kànlá ni Kareemat fi jókòó lórí àpótí ní ìsọ̀ mi. Mo kọ́ ọ pé ẹni tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára kì í wo obì tó bá ń ṣà á. Àtàǹpàkò ló ń wá ihò kòkòrò. Bí ó bá ti kan ihò, ọwọ́ ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú tó mọ̀. Mo ní kí ó gbójú sókè, kí ó máa wo ẹnu ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ kẹsàn-án, ó ṣa igba obì láìwo ọwọ́ rẹ̀, méjì péré ló ṣì mú.

9. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, mo pinnu pé n óò dẹ pàkúté fún Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan. Mo ti mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan nípa obì. Nígbà tí eré ń lọ ní ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹjọ, tí Kareemat ń ṣa obì tí ojú rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ tí mo ń gbọ́ bí obì ṣe ń bọ́ sínú agbọ̀n, mo sọ lábẹ́ ẹnu pé, “Ọmọ yìí kò mọ iṣẹ́. Ta ló ń ṣa obì tí kì í wò ó?” Mo sọ ọ́ ketekete kí ó lè gbọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin méje tó ń ṣòwò obì ló wà nínú gbọ̀ngàn. Ìṣirò mi ni pé bí ó bá ti la ẹnu sọ ọ́, wọn yóò bú sẹ́rìn-ín, ojú yóò tì í, ẹ ó sì ránṣẹ́ pè mí.

10. Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan dìde, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní eré náà dára, ṣùgbọ́n òṣèré tó ṣe ìyàwó kò ṣe ìwádìí iṣẹ́ tó ń ṣe, pé oníṣòwò obì gidi kì í gbójú kúrò lára ọjà rẹ̀. Kareemat dúró lórí ìtàgé, kò sì lè fèsì, nítorí àṣà tí mo bẹ̀rẹ̀ kò gbà á láàyè. Mo bojú wẹ̀yìn wo àwọn obìnrin méje náà. Àwọn méjèèje ló ń pàtẹ́wọ́, bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà tí mo mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, tí mo lè dìde, n kò dìde.

11. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi gba ipa náà lọ́wọ́ Kareemat, ó fún Démiládé, òṣèré yín mìíràn. Mo gbọ́ pé ó béèrè lọ́wọ́ Kareemat pé ta ló kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, ọmọ náà sì ní òun kò rántí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ọmọ náà wá sí ìsọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi?” Mo ní mo ní oníbàárà lọ́wọ́. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó dá àpótí tó máa ń jókòó lé padà sí àyè rẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń ṣa obì, mo máa ń rí i pé mo ń wò ó.

12. Eré náà ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ dá Kareemat padà sídìí agbọ̀n obì. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Nínú gbogbo ohun tí mo ti wò ní gbọ̀ngàn yín, n kò rí ohun tó dára tó bó ṣe ń wo ẹnu ọ̀nà yẹn. Kí ẹ má sì dá Démiládé lẹ́bi, nítorí ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ló ń ṣe. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, kí Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi wá sí ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́kọ́jọ́, kí ó wo ojú mi àti àtàǹpàkò mi.

13. Mo tún bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dá Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Eré padà fún mi. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ohun tí mo kọ sí ìpínrọ̀ kẹsàn-án, ẹ lè sọ pé kò tọ́ sí mi mọ́. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá yín jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí bí ó ṣe tọ́ sí ẹni tó wà lórí àga kẹta. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀bẹ̀ mi ni ẹ lè gbà, ẹ gba ti ìpínrọ̀ kejìlá.

14. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìkẹ́nnẹ́. Lẹ́yìn eré ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú kan péré ni mo tọrọ nínú márùn-ún tí àwọn òṣèré bá fi dúró. N óò sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo kọ́ Kareemat, pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti pé irọ́ ni mo pa ní ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹjọ. Bí Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan bá fẹ́ kọ ìyẹn náà sínú ìwé rẹ̀, mo fún un láyè. Kí ó ṣáà kọ orúkọ mi sí i.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni ti gbọ̀ngàn yín láti ọdún 2015,

Wúlẹ̀mọ̀tù Ṣóbọ̀wálé (Ìyáàfin),
Oníṣòwò obì, olùwòran àga kẹrin.