Owó Tí Ọkọ Mi Fi Abẹ́rẹ́ Gún

Ṣọ́ọ̀bù Ràímì Télọ̀,
Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Rélùwéè,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2026.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Báńkì Ìtẹ̀síwájú-Ayé,
Ìlọrin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌDÌPỌ̀ OWÓ TÍ MÁNÍJÀ YÍN NÍ Ọ̀FÀ GBÀ LỌ́WỌ́ MI

1. Èmi Asiata Ràímì, tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní àdírẹ́sì òkè yìí, ni mo kọ ìwé yìí sí yín. Mo ti kọ́kọ́ lọ bá máníjà yín, Ọ̀gbẹ́ni Gbádé, lójúkojú. Ó ní kí n lọ sinmi. Kò rẹ̀ mí, orí mi sì pé, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín.

2. Télọ̀ ni Ràímì ọkọ mi, ṣùgbọ́n owó ṣíṣà ló gbà á lọ́kàn jù. Gbogbo owó tó bá wọlé, yálà tirẹ̀ tàbí tèmi, yóò tú u sórí tábìlì ìránṣọ, yóò sì máa wo nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn àti Èkó tí wọ́n ń kó owó jọ, tí wọ́n sì máa ń fi owó tó jọjú ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Owó tí a ná lónìí ní Ọ̀fà kì í pẹ́ padà síni lọ́wọ́, nítorí náà, kí ó má baà wo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi abẹ́rẹ́ gún ihò méjì sábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ kó tó ná an. Ojú lásán kò lè rí i. Àfi kí èèyàn gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Èmi àti òun nìkan la mọ̀ nípa rẹ̀.

3. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Ràímì wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn láti lọ ta owó kan tó rí. Awakọ̀ sọ pé ó sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo láti ra omi, òun sì dúró dè é títí, kò padà wá. Ọlọ́pàá wá a, àwa náà wá a dé mọ́ṣúárì. A ò gbúròó rẹ̀.

4. Lẹ́yìn tó lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ náírà tuntun. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tuntun aláwọ̀ ewé kan sókè lójú fèrèsé, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí àárò rẹ̀ bá ń sọ mí. Ihò méjì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí òmíràn. Ẹni tó wá ra síìpù mú un wá, ọlọ́kadà fi í ṣe ṣéńjì fún mi, oníbàárà mi ní Ẹ̀rìn-Ilé náà san án fún mi. Mo bi wọ́n, kò sí ẹni tó mọ ibi tí tirẹ̀ ti wá. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò Ràímì kì í dọ́gba. Tòsì máa ń fẹ̀ díẹ̀ ju ìkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìwọ̀nyí rí.

5. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ gba owó ní báńkì yín. Evelyn, kaṣíà yín, fún mi ní ìdìpọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tuntun tí bébà tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni mo ti tú u. Gbogbo rẹ̀ ló ní ihò méjì, àyàfi ọ̀kan ní àárín. Ìyẹn ní ihò mẹ́ta, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ eéje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Evelyn fúnra rẹ̀ gbé e sí iná wò, ló bá ń pe Jésù. Máníjà jáde, ó gba gbogbo ìdìpọ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó fi owó mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì ní bí n kò bá tètè lọ, òun á pe ọlọ́pàá pé mò ń ba owó ìjọba jẹ́.

6. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ààwẹ̀ tó wọlé, Kóòtù Àríà yóò gbọ́ ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Alhaji Jàmíù, pè. Wọ́n fẹ́ kí kóòtù kéde pé Ràímì ti kú, kí n ṣe opó, kí wọ́n sì pín ṣọ́ọ̀bù. N kò bá wọn jà. Ọdún mẹ́rin ti pé. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó ṣọ̀fọ̀ ẹni tí mò ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin ọ̀gá. Pé ó kú ń bà mí lẹ́rù. Pé kò kú ń bà mí lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí n kò mọ irú ibi tí èèyàn lè wà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dé inú ìdìpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí kóòtù mọ ibi tí ìdìpọ̀ náà ti wá, kí ẹ sì dá owó oníhò mẹ́ta padà fún mi kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Máníjà yín rò pé mo fẹ́ tà á ni. N kò ní tà á. Ihò méjì ni Ràímì máa ń gún sára èyí tí kò wúlò fún un. Ihò mẹ́ta ló máa ń gún sára èyí tó bá fẹ́ kí n bá òun tọ́jú títí òun yóò fi wọlé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á. Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì,

Asiata Ràímì (Ìyáàfin),
Ìyàwó Ràímì Télọ̀.