Ìràwọ̀ Ìyá Aránṣọ

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ ìyàwó mi ti lọ. Òrùlé wa ṣì ń jò; a ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbi tí omi ń kán sí.

Mo pè yín títí, ẹ ò gbé fóònù, ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹ ti kó mi sí wàhálà! Ṣebí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ yé sọ fáráyé pé ìràwọ̀ ẹni ni mò ń wò? Ìyá Aránṣọ, ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, pè mí lánàá: “Oníràwọ̀, ṣé tèmi ṣì ń tàn?” Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ojú ọ̀run níbi iṣẹ́ ti yọ mí lẹ́nu látàárọ̀, ni mo bá fi ìkanra dáhùn: “Mà, àwọn agbo ìràwọ̀ tí mò ń wò ti ń tàn kí ayé yìí tó wà. Tiyín ò sí níbẹ̀.” Wọ́n pa fóònù. Ọmọ wọn pè mí láàárọ̀ yìí pé wọn ò lọ síléèwòsàn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wọn. Ẹ ní eruku ló máa ń bo ibi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń yọ, tójú lásán á fi rò pé òkùnkùn ni. Ooru tó ń tinú eruku náà jáde ni ẹ̀rọ wa ń gbà, tó ń tú sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tú aṣọ sí òwú, la fi ń mọ̀ pé ìràwọ̀ wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ sọ pé mo tún un wò dáadáa, mo sì rí tiwọn.

Ọlọ́run á gbé wọn dìde, á sì dárí irọ́ yẹn jì mí. Ẹ̀yin ni n ò tíì dárí jì.

Àbúrò yín.