Wọ́n Gbà Mí, Ó Ku Àyà Mi

Ìdèrè,
Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, 1974.

Ọmọ́ṣọlá, ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibi jókòó kí o fara balẹ̀ kà á, èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pẹ̀lú ìwé díẹ̀ tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ àgbà. Ṣé Èkó ń tọ́jú rẹ? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ gbé ọ mì. Àwa wà bí o ti mọ̀ wá. Òjò kò tíì rọ̀, odò ti fà, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì kò dúdú tó bẹ́ẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní o fẹ́ fi orúkọ mi sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tó máa ń san owó ilé ìwòsàn fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, pé wọn yóò rán ọkùnrin kan wá bi mí ní ìbéèrè, kí n sọ òótọ́ fún un. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó gbẹ̀kọ́ kì í la ẹnu sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn ará ilé ọmọkùnrin kan ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí ìdílé, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n ni. Ìyá rẹ ní kí n gba ọ̀rọ̀ náà bí o ti kọ ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ yìí jù ú lọ.

Ọkùnrin náà dé ní ọjọ́ ọjà. Adéníran ni orúkọ rẹ̀, ó gbé àpò aláwọ dání, kò tíì mu omi tán tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé wèrè wà ní ìdílé wa, ṣé wárápá wà, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà. Mo wo ìyá rẹ lójú, nítorí kò sí ẹni tí í bèèrè nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà àfi ẹni tó ń wá ìyàwó. Mo ní kò sí. Ó ní kí ló pa bàbá mi, mo ní ọjọ́ ló pé. Ó ní kí ló pa ìyá mi, mo ní òun náà, ọjọ́ ló pé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bèèrè ọjọ́ orí mi. O mọ̀ pé ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn lukulúkú jà ni wọ́n bí mi, n kò tíì pé ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ dáadáa fún àna tí kò tíì dàgbà? Mo ní mo ti lé ní àádọ́rin. Ó ní ṣé mo ń mutí. Èmi tí ife ẹmu kan ń mú sùn, mo ní agbè kan lójúmọ́, kí wọ́n má baà sọ pé ahun ni bàbá rẹ, tí kì í gba àlejò. Ó ní ṣé iṣẹ́ mi ní ewu nínú, mo ní àgbẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n mo máa ń dọdẹ ẹkùn. Ìwọ náà mọ̀ pé òkété ni ẹran tó tóbi jù tí mo pa rí. Ó ní ṣé mo ti ṣàìsàn láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mo ní rárá. Ó wá tọ́ka sí àpá ojúgun mi. Mo ní sòbìà nìyẹn. Ó ní ṣé sòbìà kì í ṣe àìsàn ni. Mo ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ní Ìdèrè tí sòbìà kò yọ lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, àlejò ni onítọ̀hún. Ìyẹn ló pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, n kò wúkọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, ibẹ̀ ni mo ti wú u.

Lọ́jọ́ kẹta ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn ní Ìgbó-Ọrà. Wọ́n gbé mi sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ìgò. Nígbà tí àwọn ènìyàn mi lọ ṣe ìwádìí ilé ìyá rẹ, kò sí ẹni tó gba ìtọ̀ bàbá rẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà, mo tọ̀ fún wọn. Dókítà wá ki nǹkan bọ etí, ó gbé orí nǹkan náà lé mi láyà, ó ní kí n mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti tú àṣírí mi fó.

Ìwé wọn dé lánàá. Tíṣà Láńrewájú ló kà á fún mi nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ní nítorí pé mo ti darúgbó, tí mo ń mutí, tí mo sì ń bá ẹkùn jà, owó tí o máa san lóṣooṣù yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Èyí kò yé mi, nítorí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó ló ń san owó orí. Wọ́n tún ní àwọn gba gbogbo ara mi, ó ku àyà mi. Bí mo bá dá lẹ́sẹ̀, wọ́n gbà. Bí inú bá ń run mí, wọ́n gbà. Bí ó bá ti jẹ́ àyà, kò kàn wọ́n. Mo ní kí tíṣà tún un kà, ó tún un kà, àyà kò wọlé. Ó dùn mí. A kì í fẹ́ ìyàwó kí á fi apá rẹ̀ kan sílẹ̀ ní ilé bàbá rẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ pín èmi?

Ìyá rẹ ní òun ti wí tẹ́lẹ̀, pé nítorí ikọ́ mi ni o ṣe dáwọ́ lé gbogbo rẹ̀. Mo ní kí ó rò ó wò. Ilé iṣẹ́ wo ni yóò wà nítorí aláìsàn, tí yóò sì máa wá ẹni tí ara rẹ̀ le kiri? Ṣé olóúnjẹ a máa lé ẹni tí ebi ń pa, kí ó wá máa pe ẹni tó yó? Ó ní kí n bi ọ́.

Mo ń bi ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò sọ fún Adéníran, màá sọ fún ọ, nítorí ìwọ kì í ṣe àna mi. Ikọ́ yìí ti lé ní ọdún kan. Láti ìgbà tí a ti wa iṣu ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti ń bá a jáde. Irú rẹ̀ ló pa ìyá mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé wọ́n lè tìtorí àyà mi fi ọ́ sílẹ̀. Jọ̀wọ́, sọ fún wọn pé èmi ni mo ní in, ìwọ kò ní in, pé o ti lọ sí Èkó kí ó tó bẹ̀rẹ̀, a kò sì jọ jẹ nínú abọ́ kan láti ìgbà náà.

Fi owó ránṣẹ́ kí n ra fìlà, èyí tó wà nílẹ̀ kò yẹ bàbá ìyàwó. Fi ti karosíìnì ìyá rẹ lé e. Bí ó bá ṣẹ́kù, ra òògùn ikọ́, ṣùgbọ́n fi aṣọ wé e, kí awakọ̀ tí yóò gbé e wá má rí i.

Àyà tí wọn kò gbà yìí ni mo gbé ọ lé láti Ìdèrè dé Ìgbó-Ọrà lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ mú ọ lọ ní kékeré, o wúwo, n kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọlọ́run yóò gbọ́ àdúrà mi lórí rẹ. Ilé tí o bá wọ̀, wọn yóò gbà ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, kò ní ku ibì kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnbíyìí.