Orúkọ Tí Wọ́n Ní N Kò Gbọdọ̀ Pè

                                                  Agbo Ilé Olúwẹri,
                                                  Ẹ̀bá Ọ̀nà Ìbàdàn,
                                                  Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 1992.

Ọmọ́wùmí, ọ̀rẹ́ mi àtọmọdé,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n nígbà tí ẹ wá sí Àpòmù, ṣé ó ti fúyẹ́? Títí ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Mo mọ̀ pé wọn á ti sọ fún ọ ní Abẹ́òkúta pé ọlọ́pàá ti àbúrò rẹ Barnabas mọ́lé, àti pé ẹnu èmi Sàlámọ̀tù ló kó bá a. Má tíì gbé e gbóná, jọ̀ọ́. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́, torí apá kan rẹ̀ irọ́ ni, apá kan sì jẹ́ òótọ́.

O mọ ibi tí mo ti ń dín dòdò lẹ́bàá títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Barnabas ti ń lẹ táyà. Lọ́jọ́ Ajé, bí wọ́n ṣe kírun Alásárì tán, àbúrò ọkọ mi gbé mọ́tò rẹ̀ dí iwájú àtíbàbà Jímọ́ọ̀ tó ń ta ọ́ìlì. Jímọ́ọ̀ ní kó sún sẹ́yìn. Ó ní òun ò sún. Ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí gbà di èébú, tí èébú gbà di ẹ̀ṣẹ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Àbúrò ọkọ mi sáré wá sídìí igbá mi, ó fa ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ, ó kọjú sí Jímọ́ọ̀. Igbe ni mo fi bọnu. Barnabas ló ju táyà sílẹ̀, tó fò mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, tó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú títí ọ̀bẹ fi bọ́. Ibi tó ti dì í mú yẹn ni Jímọ́ọ̀ aláìnítìjú ti ráyè fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, eyín méjì yọ. Jímọ́ọ̀ sì ki eré mọ́lẹ̀, wọ́n ní Ìkirè-Ilé ló sá lọ.

O mọ bí a ṣe ń làjà nílẹ̀ wa. Ẹni tìrẹ ni wàá mú, kí ẹni ẹlẹ́ni má baà sọ pé ńṣe lo di òun mú kí wọ́n lè lu òun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ro ìyẹn nígbà tí ọ̀bẹ ti yọ? Barnabas mú ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò ọkọ mi ti gbé ẹnu tó wú lọ bá ọlọ́pàá pé Barnabas àti Jímọ́ọ̀ gbìmọ̀ lu òun. Kò sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ rárá. Wọ́n wá mú Barnabas nídìí iṣẹ́.

Àwọn tó wòran ìjà náà ju ogún lọ. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè ẹlẹ́rìí, ojú gbogbo wọn fọ́. Ìyá Àṣíáwù ọlọ́sàn, tó gun àpótí kó lè ríran dáadáa, ní òun ń tún ìró òun ró, òun ò rí nǹkan kan. Ìró wo lèèyàn ń ró látìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí? Nílé, bàbá ọkọ mi pè mí, wọ́n ní kí n sọ pé ìdí epo gbígbóná ni mo wà, n ò rí nǹkan kan, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo wé gèlè, mo gba tésàn lọ.

Wọ́n ti kírun Àílà kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn níbẹ̀, àfi bí ẹni pé èmi ni mo jà. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, Dúrótìmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ kékeré kan tí wọ́n tọ́ ní Èkó. Ó ní ṣebí dòdò ni mo ń dín, ojú mi ò ha wà nínú epo? Mo ní kò sí ẹni tó ń fojú dín dòdò Ìkirè. Etí la fi ń dín in. Bó bá ń pariwo, kò tíì jinná. Bí ohùn rẹ̀ bá rọlẹ̀, kí o kó o. Mọ́tò tó ń bọ̀ lójú wa ń wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa sọ ọ́, ó sì ń fi òyìnbó kọ ọ́.

Ibi tí mo ti jìn sí kòtò nìyí. Ó ní ta ló mú ọ̀bẹ? Mo ní Dúdúyẹmí ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Dúdúyẹmí ni mo ti ń pe àbúrò ọkọ mi láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wọlé wọn, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọlọ́pàá ò lè mọ ẹni tí mo ń wí. Ó kọ Dúdúyẹmí sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo gbalé lọ, mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ Ọlọ́run.

Àṣé mo ti bí ẹnì kẹrin fún wọn! Nínú ìwé ọlọ́pàá, Barnabas di àbúrò ọkọ mi mú, Jímọ́ọ̀ lù ú, ẹnì kan tó ń jẹ́ Dúdúyẹmí sì yọ ọ̀bẹ. Wọ́n wá Dúdúyẹmí káàkiri gáréèjì títí dé Gbọ̀ngán. Barnabas ti ń sọ látọjọ́ Ajé pé ẹni tó wá fẹjọ́ sùn gan-an ló mú ọ̀bẹ. Ìwé tí mo buwọ́ lù ló wá sọ ọ́ di òpùrọ́. Ó fi Bíbélì búra pé òun ò mọ Dúdúyẹmí kankan. Wọ́n ní irọ́ ni. Ó tún sun àtìmọ́lé mọ́jú Ọjọ́rú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo ilé wa ló mọ Dúdúyẹmí. Àbúrò ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ! Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un nítorí ẹnu tó ń dùn ún, mo ní, "Dúdúyẹmí, ẹ gba ẹ̀kọ," ó sì jẹ́ mi lóhùn. Ẹ̀rín ló ń rín. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé ọlọ́pàá ń wá a. Wọ́n ní ìyàwó Rùfáì gbọ́n, ó mọ bí a ṣe ń bo ilé láṣìírí. Èmi! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nílé wa, àgbà wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Rùfáì ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú mo padà sí tésàn. Mo bá bàbá ọkọ mi àti ọmọ wọn níwájú káńtà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo sọ fún Dúrótìmí pé Dúdúyẹmí tí ẹ ń wá nìyí. Mo nawọ́ sí i. Dúrótìmí ní òun ò lè kọ ìnawọ́ sínú ìwé, kí n pe orúkọ rẹ̀. Bàbá wúkọ́. Ọmọ́wùmí, ẹnu mi wúwo, àfi bí ẹni tí wọ́n ní kó tú ìró sójú ọjà. Mo wá rí ẹsẹ̀ Barnabas lábẹ́ ilẹ̀kùn onírin, kò wọ bàtà. Mo bá pè é. Mo ní Ṣàmsúdéènì ni. Ṣàmsúdéènì Akínṣọlá, ọmọ bàbá yìí, òun ló mú ọ̀bẹ mi.

Wọ́n kọ ìwé mìíràn, mo ní kí wọ́n kà á fún mi ní Yorùbá kí n tó buwọ́ lù ú. Wọ́n tú Barnabas sílẹ̀, bàbá ọkọ mi sì gba béèlì Ṣàmsúdéènì. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé òjò ò pa ẹ̀rọ tí òun fi ń fẹ́ táyà. Mo ní mo ti fi tapólì bò ó. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Látàná, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ìkíni mi nílé. Wọ́n ní bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán lọ́la, kí n wá kúnlẹ̀ bẹ Ṣàmsúdéènì níwájú mọ̀lẹ́bí, torí mo pè é lórúkọ lójú ìjọba. Ẹni tó fa ọ̀bẹ yọ, wọn ò ní kó bẹ ẹnikẹ́ni! Ẹni tó purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò ní kó bẹ ẹnikẹ́ni! Orúkọ tí wọ́n pa àgbò sọ ọ́, tí ààfáà pè sí i létí, òun ló wá di èébú lẹ́nu mi. Rùfáì ní kí n ṣáà kúnlẹ̀ kí ilé lè tòrò. Bóyá màá kúnlẹ̀, n ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọ̀bẹ yìí máa dé kóòtù lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọn á tún ní kí n pè é, màá sì pè é.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o gbá Títí mọ́ra fún mi. Bí o bá máa fèsì, fi ránṣẹ́ sí Barnabas, torí wọn á tú u wò níbí.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà lọ́rùn mi ṣá, kì í ṣe ti Ṣàmsúdéènì. Òru méjì ni àbúrò rẹ sùn sórí sìmẹ́ǹtì. Òru àkọ́kọ́, ọwọ́ Ṣàmsúdéènì ló ti wá. Òru kejì, èmi ni, torí mo fẹ́ jẹ́ ìyàwó rere nílé ọkọ. Kò sí ẹni tó ní kí n kúnlẹ̀ fún ìyẹn. Mo kúnlẹ̀ o, Ọmọ́wùmí.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti Àpòmù wá,
                                                  Sàlámọ̀tù Àmọ̀kẹ́.