Fáìzàh Kì Í Wojú Àgbà

Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 2025
Ìkirè sí Àpòmù ò jìnnà, síbẹ̀ mo dé 'bẹ̀ tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà Dúrótìmí, tí mo kọ́ ní ilé-ìwé, fẹ́ fi mí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wò ní kíliníìkì rẹ̀. Kí n ṣe bí aláìsàn, kí wọ́n yẹ̀ mí wò, kó fún wọn ní máàkì. Àìsàn tí wọ́n yàn fún mi: orúnkún dídùn. Eré wo? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé oògùn mì sí i. Ohun mìíràn tí wọ́n bá bi mí, kí n ní kò sí.
Aláṣẹ Aṣọ Funfun — orúkọ tí mo sọ Dúrótìmí nìyẹn — fi Gẹ̀ẹ́sì kí wa káàbọ̀. Ó gùn ju ìwàásù lọ.

Ọjọ́rú, 5
Jason, akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, bá orúnkún mi sọ̀rọ̀, kò bá èmi sọ. Ó yege.
Fáìzàh, ọmọ Orílẹ̀-Òwu, kúnlẹ̀, ó bi mí bí mo ṣe sùn, ó bi mí ta ló ń se oúnjẹ fún mi. Ó fìdí rẹmi. Aláṣẹ ní kò wojú aláìsàn rárá, ilẹ̀ ló ń wò. Yóò tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá tún kùnà, á tún ọdún náà kà.
Ta ló kọ́ ọ ní ilẹ̀ wíwò? Gbogbo wa ni. Ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, ìfọ́tí ni. Aláṣẹ náà jẹ tirẹ̀ ní kíláàsì mi.

Ẹtì, 7
Fáìzàh wá sílé, tòun ti dòdò lọ́wọ́. Mo ní kó máa wò mí bí ata tó fẹ́ rà. Ó wò mí dé irùngbọ̀n, ó dúró níbẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú ń tì mí."

Àìkú, 9
Ó rẹ̀ mí. N ò lè jẹ dòdò náà.

Ọjọ́rú, 12
Fáìzàh padà wá tún ìdánwò rẹ̀ ṣe.
Ó gbójú sókè. Ó wò mí — tààrà. Ó rọra fa ìpéǹpéjú mi ìsàlẹ̀ wálẹ̀.
"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ò sí lójú yín. Ṣé ìgbẹ́ yín ò dúdú?"
Aláṣẹ húkọ́: orúnkún ni kó dojú kọ, àkókò ń lọ. Ó yẹ kí n ní kò sí. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò gbójú kúrò.
"Ó dúdú bí ọ̀dà," ni mo wí.

Ẹtì, 14
Ilé ìwòsàn, n'Ífẹ̀. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Egbò wà nínú ikùn mi. Oògùn orúnkún ló dá a síbẹ̀. Dúrótìmí fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé mí wá, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan lọ́nà. Mo bi í nípa Fáìzàh. Ó ní kò tilẹ̀ dé orí orúnkún tí àkókò fi pé.
"Ó yege, Tíṣà."
Nírọ̀lẹ́ ni Fáìzàh wọlé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ nílẹ̀. N ò bá a wí. Mo kàn fi ọwọ́ ara mi fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, mo sì ń dúró.
Ó gbójú sókè.