Ọjọ́ Tí Òkè Iyọ̀ Wó Lù Mí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Ọkàn ni mo fi dọ̀bálẹ̀ o, torí apá mi ò tíì jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, mo wà láàyè. Apá òsì mi ló kán, wọ́n ti tò ó, ó sì ti ń jinná. Màámi ti ń jẹun padà.

Ẹ má bínú pé iṣẹ́ iyọ̀ tí ẹ ní n ò gbọdọ̀ ṣe ni mo ń ṣe. Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba fi ní ká fún ìgbànú mọ́ra, dé, ilé iṣẹ́ bàtà tí mo wà dá wa dúró, ọmọ mi kejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Mo fa ṣọ́bìrì yín yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gba èbúté Tin Can lọ. Gáǹgì yín, àwọn tí ẹ jọ ń kó iyọ̀ sápò, gbà mí lọ́jọ́ náà gan-an nítorí yín. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi òrí ra ọwọ́ yín tó ti sán kí ẹ tó sùn, tí ẹ á na ọwọ́ méjèèjì síta kó má kan aṣọ. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ ilé ẹrù yẹn. Bí ọkọ̀ bá ti já iyọ̀ sílẹ̀, á ga bí ilé alájà méjì. Orí rẹ̀ á gan bí àpáta. Ìdí rẹ̀ ló rọrùn, ìdí la máa ń wà, títí orí á fi yọ síta lókè wa bí àjà tí kò ní òpó. Ẹ rántí Bàbá Éfè, ará Urhobo yẹn, tó máa ń ní kí gbogbo èèyàn dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ gun òkè lọ fi dígà wó o lulẹ̀. Ojo lẹ ń pè é. Ẹ ò kí i mọ́ títí ẹ fi kú. Ó wá síbi ìsìnkú yín, Bàbá, a ò sì fún un ní àga.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, Bàbá Éfè ní kí n má wọ abẹ́ òkè iyọ̀ náà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan bíi pátákó tó dá. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn. Iyọ̀ kún imú mi, ó kún ẹnu mi, n ò lè gbé ìka kan. Mo ń ronú yín. Ṣé ẹ pè mí? N ò gbọ́ ohùn yín.

Ohùn Bàbá Éfè ni mo gbọ́. Ó ti ní kí gbogbo wọn ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ kí irin má baà gé mi, kí wọ́n fi ọwọ́ wa iyọ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lórí ìlà, wọ́n sáré wọlé wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹnì kan ń ṣọ́ èyí tó kù lókè. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá Éfè kan ojú mi, ó fi ìka ro iyọ̀ kúrò lẹ́nu mi.

“Má sùn o,” ló wí. “Pe orúkọ ìyá ẹ kí n gbọ́.”

Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè. Mo ń pè é títí wọ́n fi fa ẹsẹ̀ mi yọ. Èékánná rẹ̀ ti ya, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ sì mọ bí iyọ̀ ṣe ń rí lójú egbò.

Èmi àti Màámi lọ sílé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ lọ dúpẹ́. Màámi fẹ́ kúnlẹ̀, kò jẹ́ kí orúnkún wọn kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún wa pé iyọ̀ mú ẹ̀yin náà dé ìbàdí rí, pé òun ló fà yín jáde, pé ẹ bẹ òun kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni, àti pé láti ọjọ́ náà lẹ ò ti wo ojú òun mọ́. Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Ṣé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ka iṣẹ́ yìí léèwọ̀ fún mi? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Inú ò bí mi. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ńṣe ni ara mi fúyẹ́. Ẹ̀yin tí mo rò pé ẹ̀rù ò bà rí, ẹ̀rù bà yín bíi tèmi.

Àná ni mo padà síbi iṣẹ́. Apá mi ò tíì lè wa nǹkan, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ òkè. Lọ́sàn-án, mo rí i tí ìlà tínínrín kan là lórí òkè iyọ̀. Kò dá mi lójú, àmọ́ mo ní kí wọ́n jáde. Gbogbo wọn ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n jáde. A dúró, a dúró. Kò wó. Ẹnikẹ́ni ò rín mi. Bàbá Éfè mú dígà, àwọn méjì tẹ̀ lé e gun òkè, wọ́n wó o lulẹ̀, a sì lọ jẹ ẹ̀wà.

Ẹ sinmi dáadáa, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ara ti tù.