Àwo Fídíò Tí Ẹ Ní Mo Gé

Ilé Alágbàfọ̀,
Àgbàlá Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì.

Akọ̀wé Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀hónú Òbí,
Ọ́fíìsì Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀWO DVD ỌMỌBÌNRIN MI: N KÒ FI TAN YÍN JẸ. Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ DÁ GBÍGBÉ TÍ Ẹ FẸ́ GBÉ E KÚRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ RẸ̀ DÚRÓ

Èmi ni ìyá ọmọ tí ẹ fi ìwé yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá pàṣẹ pé kí wọ́n mú kúrò ní kíláàsì rẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ tí ń lọ́ra, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní òdìkejì títì tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àṣẹ náà yóò múlẹ̀. Nínú ìwé kan náà ni ẹ ti sọ pé mo gé fídíò ọmọ mi, pé mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láti fi bo àìmọ̀wé rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti pé ẹ lè fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka ìyẹn. Ẹ̀rù tó wà lára mi báyìí ju ti ọlọ́pàá lọ, òun ni mo sì fẹ́ fi tó yín létí.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ń ṣe, èmi àti ìyá tó bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni à ń pè é nílé, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ó bá ń bá wa ká aṣọ, gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sí ọrùn aṣọ ni yóò máa kà sókè, títí kan iye ooru tí a lè fi lọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ fi rú mi lójú nígbà tó ránṣẹ́ pè mí. Olùkọ́ náà kò bínú, àárẹ̀ ló mú un. Ó ní, "Ìyá, tí mo bá pè é, á kàn máa wò mí ni. Ó dà bí ẹni pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Nígbà tí mo bi ọmọ náà, ó ní òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun rárá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi àánú gbà mí láyè pé kí n ya fídíò ọmọ náà níbi tó ti ń kàwé, kí ìgbìmọ̀ lè fojú ara wọn rí i. Òṣìṣẹ́ yín sọ fún mi pé ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yàrá ìpàdé, àwo DVD nìkan ló ń gbà, pé ẹ kì í wo nǹkan lórí fóònù. Mo gbé ọmọ náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo gbé fóònù mi ti páànù omi lórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, mo ní kó máa kàwé. Mo wá bọ́ sí yàrá kejì, torí bí mo bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò máa rín. Nígbà tó ní òun ti parí, mo gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ fídíò tó wà nídìí ibùdókọ̀. Ó kó fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì pa á rẹ́ lórí fóònù mi, torí fóònù náà ti kún.

Àwo àkọ́kọ́ tí mo gbé wá, ẹ̀rọ yín kò gbà á. Ó yí i títí, ó tì í jáde. Oníṣẹ́ fídíò gbà pé òun ló jẹ̀bi: òun kàn da fídíò náà sórí àwo bó ṣe wà ni. Ó ní, "Ẹ̀rọ àtijọ́ ò gbọ́ èdè fóònù. A gbọ́dọ̀ yí i padà sí èyí tó máa yé e ká tó kọ ọ́ sórí àwo." Ó yí i padà. Àwo kejì ṣiṣẹ́, àmọ́ ohùn sáré ṣáájú àwòrán. Ọmọ ti kà á tán kó tó la ẹnu. Ẹ dá a padà fún mi, ẹ sì ṣe sùúrù fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó ń ṣe ẹ̀kẹta, ohùn àti àwòrán ti bára wọn mu. Ó wá rántí pé tẹlifíṣọ̀n yín kò fẹ̀ bíi ti òde òní, pé dúdú yóò yọ lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán. Ó ní àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ràn dúdú yẹn. Ló bá gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gé ti òsì, ó fa ojú ọmọ náà tóbi títí tó fi kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n. Gígé kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló gé, kò gé ọ̀rọ̀ ọmọ.

Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ ń wo àwo kẹta. Ọmọ mi ń kàwé geere, inú mi ti ń dùn. Láàárín gbólóhùn kan ni àwòrán dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ yín ní, "Ó ti há." Ẹnì kan na rìmóòtù sí i. Kó tó tẹ̀ ẹ́, àwòrán tún ń lọ, ṣùgbọ́n ibòmíràn lọ́mọ ti ń bá ìwé lọ, ọ̀rọ̀ kò so mọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Níwájú díẹ̀ ó tún dúró. Alága bá ní, "Wọ́n ti gé e níbí. Ibi tí kò mọ̀ ni wọ́n yọ." Èmi náà gbà pé àwo ló há, pé ọ̀rọ̀ sì ti fò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ gbé ẹjọ́ náà wá lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá dá a.

Ìbínú ni mo gbé wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ fídíò lọ́jọ́ tí mo gba ìwé yín. Mo ní, "Ẹ ti ba ti ọmọ mi jẹ́!" Ó bẹ̀ mí pé kí n jókòó. Ó gbé àwo náà sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ibi tó há lọ́dọ̀ yín náà ló há. Ó nu àwo náà, kò yí padà. Ó mú àwo tuntun, ó ní kí kọ̀ǹpútà rọra kọ ọ́, nítorí àwo tí a bá kánjú kọ, ẹ̀rọ àtijọ́ kì í fẹ́ kà á; ibẹ̀ náà ló tún há. Ó yí iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń tò sínú ìṣẹ́jú àáyá kan padà. Ibẹ̀ náà ni. Ó fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀, ó ní, "Èyí tí mo ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń lò látàárọ̀! Bóyá òun ló ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ojúlówó tí ẹ gbé wá." Lọ́tẹ̀ yìí, kò gé ẹ̀gbẹ́ kankan.

Dúdú yọ lókè, ó yọ nísàlẹ̀. Ọmọ mi kéré sí i láàárín rẹ̀, ìwé tó wà lórí itan rẹ̀ hàn, fèrèsé ilé wa sì hàn lápá òsì. Ó ń kàwé. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró. Oníṣẹ́ fídíò pòṣé, ó ní, "Ó tún há."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìyá mi wà nínú fèrèsé yẹn. Ó ń sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan jìgìjìgì, ó nà án sórí okùn, ó bẹ̀rẹ̀ mú òmíràn. Kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣí ojú ewé ìwé tó wà lábẹ́ ìka ọmọ náà, ó ṣí i sí ibòmíràn, ọmọ náà kò sì gbé ọwọ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èyí tí mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwo ló ń fà á.

Mo ní, "Fídíò ò há."

Ó ní, "Kí lẹ wí?"

"Màmá mi ń sá aṣọ. Ọmọ mi ló dúró."

Orí mi wú. Oníṣẹ́ fídíò dìde lórí àga rẹ̀, ó fi mí jókòó síbẹ̀. Ó tún gbé e fún wa wò, ó sì ń fi ìka tẹ̀lé ìyá mi lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń rìn.

Àkókò tí wọ́n máa ń jáde ní ilé-ìwé ti tó. Mo sáré lọ pàdé rẹ̀, n kò wọ bàtà tó bára mu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọdá. Òun nìkan ló kù ní etí títì, ẹsẹ̀ kan lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó ń wo iwájú bí ẹni pé wọ́n pè é láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ ẹrù ń fọn fèrè. Mo ké pè é, mo fi orúkọ rẹ̀ ké, kò mira. Mo já a gbà láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbé gèlè orí mi lọ. Kò pẹ́ sí i ni ọmọ náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ wá mú mi ni?"

Ní ilé ìwòsàn, dókítà wo àwo náà dé ìparí. Ó wá fún ọmọ náà ní bébà pélébé kan, ó ní kó máa fi ẹnu fẹ́ ẹ láìdúró, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá èémí líle yóò mú un dúró bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, ó bá dákẹ́, bébà náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà sọ fún mi pé irú wárápá kan ni, èyí tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀, tó kàn ń mú un lọ díẹ̀, tó sì ń dá a padà. Ó ní oògùn wà fún un, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn náà, àmọ́ yóò pẹ́ díẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá ó bá a mu. Títí dìgbà náà, dókítà ní kò gbọdọ̀ dá títì kọjá, kò gbọdọ̀ wọ odò, kò sì gbọdọ̀ wà níbi gíga tí ẹnì kankan kò ti dì í mú.

Mo ti lọ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ fẹ́ gbé e lọ. Irin tó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ká kò ga ju ìbàdí ọmọ mi lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tò kí wọ́n tó wọlé. Mo dúró nísàlẹ̀, mo wo òkè, ojora sì mú mi débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí bóyá ara mi kò yá.

Mo fi ìwé dókítà àti àwo tuntun sínú ìwé yìí. Oníṣẹ́ fídíò ti dán àwo náà wò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ irú tiyín, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò, kí ẹ má bínú sí dúdú tó wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yí àṣẹ yín padà, kí ọmọ náà dúró sí kíláàsì rẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti gbọ́, ó sunkún, ó sì ti gbé àga ọmọ náà sún mọ́ tirẹ̀. Mo tún bẹ̀ yín kí ẹ pa ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn tí ẹ kọ sí orúkọ mi rẹ́. Bí ìyẹn bá ṣòro fún yín, ẹ jẹ́ kó dúró, kí ọlọ́pàá wá bá mi nílé, mo wà níbẹ̀. Ti ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Mo ti ṣàlàyé àìsàn náà fún òun fúnra rẹ̀, níwọ̀n tí mo mọ̀ ọ́n. Ó ronú sí i. Ó wá bi mí pé, "Tí mo bá ti lọ báyẹn, níbo ni mo máa ń lọ?" Mo ní kò lọ síbì kankan, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń rí mi?" Mo ní mò ń rí i. Ó ní, "Ẹ máa dì mí mú nígbà náà." Mo ní màá dì í mú.

Ní ọjọ́ Ajé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, n kò ní sí níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí dé ìparí.

Èmi tí mo ń retí èsì yín kí ọjọ́ Ajé tó dé,

Ìyá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀,
Alágbàfọ̀ Àgbàlá Kẹta.